Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi Tó Ń Rọ Ọta Ẹfọ̀n

Ọjọ́ kejì tí mo dé ilé ọkọ ni ọkọ mi mú mi lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin níbi iṣẹ́ wọn. Mo ti múra, mo ti fi ìpara sí ẹsẹ̀, mo sì ń ka gbogbo ìkíni tí màmá mi fi sí mi lẹ́nu ní àkàtúnkà bí ẹni tó fẹ́ wọ yàrá ìdánwò. A dé ẹnu ọ̀nà. Mo tẹrí ba, mo la ẹnu pé kí n sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n." Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n sọ.

"Dákẹ́ ná."

Ẹ̀yìn mi ṣì tẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá kí n nà án ni tàbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wo ọkọ mi, ó ń rẹ́rìn-ín sínú. Ẹ̀gbọ́n mú ṣíbí kékeré kan dání lórí òṣùwọ̀n, wọ́n ń gbọ̀n ọ́n díẹ̀díẹ̀ kí ẹ̀tù ìbọn máa já bọ́, hóró kan, hóró kan, títí ọwọ́ òṣùwọ̀n fi dúró síbi tí wọ́n fẹ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó mí. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n dìde, wọ́n gbá mi mọ́ra débi pé bọ́tìnnì aṣọ mi kan já.

"Ìyàwó mi! Káàbọ̀! Má bínú sí mi o. Ìwọ̀n ni mò ń wọ̀n lọ́wọ́. Tí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn bá wọ̀ ọ́, tèmi á sọnù."

Mo wá gbọ́ lẹ́yìn náà pé kò sí ẹni tí wọn ò tíì sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún. Wọ́n ti sọ ọ́ fún ọ̀gá ọlọ́pàá. Wọ́n ti sọ ọ́ fún dókítà tó wá wo ẹsẹ̀ bàbá wọn. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè wọ́n ní Dákẹ́-Ná, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n mọ́.

Iṣẹ́ tí Ẹ̀gbọ́n ń ṣe kò wọ́pọ̀. Ọta ni wọ́n ń rọ, kì í sì í ṣe ọta wẹ́wẹ́ tí ọdẹ fi ń pa ehoro. Ọta ìbọn ńlá ni, èyí tí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó máa ń gbé dání bí wọ́n bá ń lọ síbi tí ẹfọ̀n tàbí erin wà. Ẹyọ kan gùn ju ìka àárín ọkùnrin lọ, ó sì ki tó àtàǹpàkò. Tí o bá kó bíi mélòó kan sápò, wàá máa fọwọ́ di ṣòkòtò rẹ mú kó má bàa bọ́ sílẹ̀ lójú títì.

Ìbọn àtijọ́ ni wọ́n fi ń yin ín, ẹlẹ́nu méjì, tó wúwo bí ìtì igi. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọta rẹ̀ ti kógbá wọlé kí wọ́n tó bí ọkọ mi. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ṣọ́ ò jẹ́ fi ìbọn náà sílẹ̀, torí wọn ò tíì rí òmíràn tó ń dá ẹfọ̀n dúró bíi tirẹ̀. Nítorí náà, gbogbo kòròfo idẹ tí wọ́n bá yin tán, wọ́n á ṣà á bọ̀ wálé. Ẹ̀gbọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi èékánná àti iná tọ́ọ̀ṣì wá ibi tó bá fẹ́ sán lára rẹ̀, wọ́n á ki bọ́tìnnì iná tuntun sí i nídìí, wọ́n á rọ ẹ̀tù sí i, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ ìtẹ̀ de orí ọta mọ́ ọn lẹ́nu. Bọ́tìnnì iná yẹn ò ju hóró ẹ̀wà kékeré lọ, ṣùgbọ́n òun ni irin ìbọn máa ń lù tí iná fi ń ṣẹ́ sí ẹ̀tù. Bí òun bá kọ̀, gbogbo ìyókù di irin lásán lọ́wọ́ ẹni tó mú un dání.

Ọ̀dọ̀ bàbá wọn ni wọ́n ti kọ́ ọ. Bàbá ló ń tún ìbọn ṣe fún àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó láyé tiwọn. Wọ́n bí ọmọkùnrin mẹ́ta, wọ́n sì fẹ́ fi iṣẹ́ náà lé ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́. Àgbà wọn ní ariwo ń dun òun létí. Èyí tó tẹ̀ lé e lọ kọ́ṣẹ́ awakọ̀. Ọkọ mi tó jẹ́ àbíkẹ́yìn, ìbọn yíyìn ló wù ú, kò wù ú kó jókòó tì í. Ẹ̀gbọ́n nìkan ló ń jókòó. Bàbá ò pè wọ́n wọlé, wọn ò sì lé wọn jáde. Nígbà tó yá, bàbá kàn máa ń na ọwọ́ sẹ́yìn láì bojú wẹ̀yìn, ohun tí wọ́n ń wá á sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ tí bàbá máa gbé àpótí irinṣẹ́ fún wọn, wọ́n mú ọta kan tí Ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ, wọ́n yí i lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ní, "Ta ló máa yin èyí?"

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ò mọ̀.

"Ẹni yòówù kó jẹ́," bàbá ní, "rò ó pé àbúrò rẹ ni."

Nígbà yẹn, àbúrò ọ̀hún, ọkọ mi, ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé kiri ilé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òun gan-an ló máa di ẹ̀ṣọ́ igbó.

Ọkùnrin tó kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́ Ẹ̀gbọ́n sọ fún wọn pé bí àwọn bá ṣègbéyàwó, wọ́n máa pa iṣẹ́ ìbọn tì. Wọ́n ní kó dákẹ́ ná. Ó dákẹ́, ó sì dákẹ́ lọ ráúráú, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹni tí wọ́n wá fẹ́ níkẹyìn ni Bùrọ̀dá Téélọ̀, tó wá wọn fèrèsé yàrá iṣẹ́ wọn kó lè rán kọ́tìnnì sí i. Gbogbo àkókò tí Bùrọ̀dá fi wà níbẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n wọlé, wọ́n wo ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n lórí òṣùwọ̀n, wọ́n rọra wọn fèrèsé, wọ́n rọra jáde. Ẹ̀gbọ́n sọ fún mi pé nígbà tí àwọn máa fi gbójú sókè, ọkàn àwọn ti tẹ̀ lé ọkùnrin náà jáde.

Bùrọ̀dá Téélọ̀ ló ń rán ìgbànú àwọn ẹ̀ṣọ́ títí dòní. Awọ ni, wọ́n sì fi ilé kéékèèké sí i lára, tí ọta kọ̀ọ̀kan máa ń há sí pẹ́kípẹ́kí tí kì í fi í mì bí èèyàn bá ń sáré. Wọ́n tún rán tìmùtìmù awọ kan fún ìyàwó wọn, èyí tí Ẹ̀gbọ́n máa ń so mọ́ èjìká. Ìdí ni pé gbogbo ìgbà tí Ẹ̀gbọ́n bá rọ ọta tuntun, wọ́n á mú ọ̀kan nínú rẹ̀, wọ́n á gbé ìbọn ńlá, wọ́n á yin ín sínú òkìtì amọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́. Kò sí ẹ̀ṣọ́ tó máa gbé ọta kúrò níbẹ̀ kí Ẹ̀gbọ́n tó fi èjìká ara wọn gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìbọn yẹn máa ń ti ọkùnrin géńdé sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n ò ga ju èjìká mi lọ.

Nísinsìnyí kí n sọ ti òjò ọdún tí ẹfọ̀n wọ inú èèsún.

Àwọn kan tó ń dọdẹ lábẹ́lẹ̀ ni wọ́n yìnbọn fún ẹfọ̀n náà, tí wọ́n ṣe é léṣe ní apá, tí wọ́n sì sá lọ. Ẹran náà ò kú. Ó wá fara pamọ́ sínú èèsún lẹ́bàá odò, níbi tí ọ̀nà ilé-ìwé gbà kọjá, egbò rẹ̀ ń jẹrà, inú ń bí i sí ohun gbogbo tó bá mí. Ó kọ́kọ́ gbé kẹ̀kẹ́ ológìí kan sọ sínú koto, ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ sá gun igi. Lẹ́yìn náà ló kan agégẹdú kan, ó fi ìwo gbé e, ó sì fọ́ ọ négungun ìhà. Ọlọ́run yọ ọ́, ọsibítù ló wà nígbà yẹn. Wọ́n ti ilé-ìwé pa. Ó ti di dandan kí àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ inú èèsún lọ bá ẹran náà, ìyẹn ni pé ó ti di dandan kí ọkọ mi lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n ni mo wà. Mo gbé búrẹ́dì àti tíì lọ fún wọn, torí bí iṣẹ́ bá wọ̀ wọ́n lára, wọn kì í rántí ẹnu. Wọ́n ti rọ àwọn ọta tuntun sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n tò wọ́n ní ìdúró, wọ́n ń dán gbinrin. Ẹ̀gbọ́n so tìmùtìmù mọ́ èjìká, wọ́n mú ọ̀kan, a jáde lọ sẹ́yìn ilé. Mo dúró lẹ́yìn wọn, mo di etí.

Irin lu ìdí ọta: kẹ́. Lẹ́yìn náà: gbòà! Amọ̀ fò sókè.

Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Mo ti ń ṣí etí, mo fẹ́ sọ pé ẹ kú iṣẹ́, ni mo rí ojú Ẹ̀gbọ́n.

"O gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ, Ẹ̀gbọ́n. Ó dún dáadáa."

"Ó dún. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ rò ó ná."

Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n fi ìka kan lu èkejì láti fi hàn mí: ó yẹ kí kẹ́ àti gbòà di ọ̀kan tí etí ò ní lè yà sọ́tọ̀. Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ yìí, àlàfo wà láàárín, bí ẹni ń ṣẹ́jú.

Ibẹ̀ la wà tí ọkọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ fi dé. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, ẹrẹ̀ ti dé orúnkún rẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ tẹ̀ lé e. Ọ̀gá yìí àti ọkọ mi jọ wọṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà ni, ọ̀rẹ́ ni wọ́n, ó sì ti bá ẹfọ̀n pàdé lọ́pọ̀ ìgbà débi pé kì í fi í ṣeré.

"Ẹ̀gbọ́n, ọta dà?" ó ní. "Ẹran náà ti ń sún mọ́ ilé àwọn èèyàn."

"Kò tíì sí," Ẹ̀gbọ́n ní.

Ọ̀gá wo tábìlì láti ojú fèrèsé, ó rí gbogbo ọta tó tò lọ bí ọmọ ogun. "Kí wá ni wọ̀nyẹn?"

"Mi ò fọkàn tán wọn."

Ọkọ mi gba ọ̀rọ̀ náà. "Ẹ̀gbọ́n mi, a gbọ́ ọ nígbà tí ẹ yìn ín. Láti ojú títì la ti gbọ́ ọ. Ó dún!"

"Ó falẹ̀."

"Tó bá falẹ̀, ó falẹ̀," Ọ̀gá ní. "Ó ṣáà dún."

Ẹ̀gbọ́n wò ó títí. "Ọ̀gá, tí ìbọn bá falẹ̀, ṣé ẹfọ̀n á dúró dè é?"

Ọkọ mi ti fẹ́ sọ̀rọ̀ míràn, ohùn rẹ̀ ti ń lọ sókè, ó ní àwọn ọmọdé ń bẹ nílé tí wọn ò lè jáde, ó ní kì í ṣe ọjọ́ tí èèyàn ń ṣe fínnífínní nìyí. Ẹ̀gbọ́n ní kó dákẹ́ ná. Wọ́n fà mí wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọkùnrin méjèèjì síta.

"Ìyàwó, fọ ọwọ́ rẹ, kí o nù ún gbẹ."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń tú ọta nìyẹn, èmi tí mo kàn gbé tíì wá. Wọ́n gbé irin kan tó dà bí òòlù fún mi. Wọ́n á fi ọta há a lẹ́nu, èmi á máa lù ú mọ́ igi títí orí ọta á fi yọ, wọ́n á wá da ẹ̀tù inú rẹ̀ sórí àwo. Wọ́n gbọ̀n àwo náà lọ, gbọ̀n ọ́n bọ̀, ẹ̀tù ń ṣàn bí iyanrìn gbígbẹ.

"Ẹ̀tù ò lẹ́bi," wọ́n ní.

Wọ́n wá gbé páálí bọ́tìnnì iná tuntun tó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní igun kan, páálí náà rọ̀ lábẹ́ ìka wọn. Òjò ti rin ín lórí ọkọ̀ tó gbé e wá, ó sì ti gbẹ padà débi pé ojú ò lè rí i. Ọ̀rinrin ti wọ àwọn bọ́tìnnì lára. Òmíràn lè ṣẹ́ná kíákíá, òmíràn á kọ́kọ́ rò ó, òmíràn lè má dún rárá, a ò sì mọ èwo ni èwo.

Ẹ̀gbọ́n ò pariwo, wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n lọ sí orí pẹpẹ, wọ́n gbé agolo mílíìkì àtijọ́ kan tí wọ́n fi àbẹ́là lẹ̀ lẹ́nu. Inú rẹ̀ ni ìwọ̀nba bọ́tìnnì tó ṣẹ́ kù nínú páálí ìṣáájú wà. Wọ́n dà á sí àtẹ́lẹwọ́. Ẹyọ mẹ́fà.

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n fi han Ọ̀gá.

"Mẹ́fà péré?"

"Mẹ́fà péré."

Èmi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ báyẹn rí. Àwọn ọkùnrin méjèèjì dúró lẹ́nu ọ̀nà, òjò ń kán sí wọn lọ́rùn láti orí páànù, wọ́n ń wo ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ò yára, wọn ò sì lọ́ra. Wọ́n nu kòròfo, wọ́n wò ó lójú iná, wọ́n tẹ bọ́tìnnì sí i, wọ́n fi ìka wá a lójú wò bóyá ó tẹ́jú, wọ́n wọn ẹ̀tù, wọ́n tún un wọ̀n, wọ́n de orí ọta mọ́ ọn. Orí ọta ẹfọ̀n kì í ṣe òjé rírọ̀. Bàbà líle ni, tí kì í fọ́ bó bá kan egungun, torí ibi tí wọ́n ń wá wà lẹ́yìn egungun. Ẹ̀kẹfà parí. Wọ́n tò wọ́n. Lẹ́yìn náà, wọ́n mú ọ̀kan nínú wọn, wọ́n na ọwọ́ sí tìmùtìmù.

Ọ̀gá fò wọlé. "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ jọ̀ọ́! Mẹ́fà péré ló wà, ẹ tún fẹ́ yin ọ̀kan sí amọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ yin sí amọ̀ yẹn lè jẹ́ òun la máa nílò!"

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," Ẹ̀gbọ́n ní. "Ṣùgbọ́n márùn-ún tí mo mọ̀, ó sàn fún mi ju mẹ́fà tí mò ń rò."

Ọ̀gá na ọwọ́ bí ẹni fẹ́ gbà á. Ọkọ mi ló dì í lápá mú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn ni òun náà ń pariwo lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí. Bóyá bó ṣe wò wọ́n nídìí iṣẹ́ ló pa á lẹ́nu mọ́, mi ò mọ̀. Ó kàn ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí wọ́n yin ín. Èmi ni mo fẹ́ gbé e lọ."

A jáde sẹ́yìn ilé, gbogbo wa. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò di etí. Mo fẹ́ gbọ́.

Gbòà!

Kò sí kẹ́ kankan níbẹ̀. Ó di ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n yọ kòròfo rẹ̀, èéfín ṣì ń jáde lẹ́nu rẹ̀, wọ́n yíjú sí wa, mo sì rí i tí wọ́n rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

Ọta kọ̀ọ̀kan wọ ilé tirẹ̀ lára ìgbànú. Wọ́n fún Ọ̀gá ní méjì, wọ́n fún ọkọ mi ní méjì. Ó ku ọ̀kan. Ojú mi ti ń wo ìgbànú ọkọ mi, ẹ ẹ̀ ní bá mi wí. Ẹ̀gbọ́n mú ẹ̀karùn-ún, wọ́n fún Ọ̀gá, wọ́n ní òun ló ń ṣáájú. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀, wọ́n fa ìgbànú àbúrò wọn le sí i bí ẹni ń múra fọ́mọ ilé-ìwé, wọ́n fọwọ́ gbá bàtà rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ.

Bí ọkọ̀ ṣe lọ tán, Ẹ̀gbọ́n ò lè jókòó. Wọ́n gbálẹ̀. Wọ́n nu òṣùwọ̀n. Wọ́n tún ilẹ̀ kan náà gbá. Bùrọ̀dá Téélọ̀ ti gbọ́, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti awọ lọ́wọ́, wọn ò rán nǹkan kan. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Ìyàwó wa, wo ayé. Èmi ń bá ẹ̀fọn jà ní ṣọ́ọ̀bù mi, àbúrò mi ń bá ẹfọ̀n jà lẹ́bàá odò." Mi ò mọ ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín, wọ́n wá jókòó tì mí, wọ́n sọ bí ewúrẹ́ kan ṣe lé ọkọ mi wọ pálọ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, tó gun orí tábìlì, tó ní òun ò ní sọ̀ kalẹ̀ àfi tí wọ́n bá ta ewúrẹ́ náà. "Òun náà ló ń wọ inú èèsún yìí," wọ́n ní. Wọ́n dìde, wọ́n tún mú ìgbálẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú èèsún, ọkọ mi ló sọ ọ́ fún wa. Ó ní òjò ti dá, gbogbo ibẹ̀ dákẹ́, òórùn egbò ẹran náà nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Ọ̀gá ń ṣáájú, òun ń wo ẹ̀yìn. Wọ́n rò pé iwájú ni ẹfọ̀n wà. Ẹran náà ti yípo, ó sì ti lúgọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ti kọjá, ó ń dúró dè wọ́n. Nígbà tó jáde, ẹ̀yìn ló ti jáde, sí ọkọ mi, kò sì sí bí Ọ̀gá ṣe máa yìnbọn tí kò ní bá a, torí òun ló wà láàárín.

Ọkọ mi yin ẹnu kìíní. Ọta wọlé, ó rí ẹrẹ̀ tó ta láyà ẹran náà, ẹran náà ń bọ̀ síbẹ̀. Ó ní gbogbo ohun tí ojú òun rí ni ìwo. Ó yin ẹnu kejì. Ẹfọ̀n náà wó lórí eré, ó sì ń yọ̀ bọ̀ nílẹ̀ títí imú rẹ̀ fi kan ẹrẹ̀ bàtà ọkọ mi.

"Bí èyí kejì bá kọ́kọ́ rò ó ná," ọkọ mi ní. Kò parí ọ̀rọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n kó tó sọ ìtàn kankan, ohun tó kọ́kọ́ ṣe nìyí. Ó wọlé, ẹrẹ̀ ti bò ó títí dé irùngbọ̀n. Ó kọjá lára mi, ó kọjá lára Bùrọ̀dá Téélọ̀, ó gbé kòròfo méjèèjì kalẹ̀ sórí tábìlì níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mú wọn, wọ́n wo ìdí wọn nínú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, wọ́n fi èékánná wá ara wọn yí ká.

"Wọ́n ṣì dáa," wọ́n ní. "Mo máa tún wọn lò."

Wọ́n gbé wọn sílẹ̀, wọ́n wá fi ọwọ́ méjèèjì di etí àbúrò wọn mú, wọ́n tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n ń wò ó lójú bí wọ́n ṣe ń wo idẹ, bí ẹni ń wá ibi tó sán. Wọn ò rí i. Omi wá ń jáde lójú wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní ó ń rùn.

Ìgbà yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ rí Ọ̀gá lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti bọ́ fìlà. Ó ti pẹ́ tó ti dúró síbẹ̀, ó ń dúró kí wọ́n sọ fún un pé kó wọlé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo na ọwọ́ sí ọta yín láàárọ̀ yìí. Ẹ foríjì mí." Ẹ̀gbọ́n ní kó wọlé kó mu tíì, tíì ti tutù, kò sẹ́ni tó bìkítà.

Kò pẹ́ sí i ni àṣẹ jáde láti ọ́fíìsì àwọn ẹ̀ṣọ́: ẹni tó bá máa gbé ìbọn ńlá, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá jókòó sí yàrá Ẹ̀gbọ́n, kó wo bí wọ́n ṣe ń rọ ọta tirẹ̀. Àwọn géńdé tó ń fọ́nnu tẹ́lẹ̀ ń wá jókòó lórí àpótí bí aláboyún tó ń dúró de nọ́ọ̀sì. Èmi náà ò kúrò níbẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ ọ́n tú, mo mọ̀ ọ́n fọ̀, Ẹ̀gbọ́n sì ti jẹ́ kí n máa wọn ẹ̀tù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì máa ń tún un wọ̀n lẹ́yìn mi.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn ẹ̀ṣọ́ pè wọ́n sí olú iléeṣẹ́ láti wá bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ sọ̀rọ̀. Gbọ̀ngàn ńlá ni, gbogbo wọn wọ yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Bùrọ̀dá Téélọ̀ rán kóòtù tuntun fún ìyàwó wọn, àwọ̀ idẹ, èmi ni mo gbé báàgì. Wọn ò sọ̀rọ̀ lọ títí. Wọ́n gbé ọta kan sókè, wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ láti ìdí dé orí, wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè bi wọ́n. Ọmọbìnrin kan lára àwọn ẹ̀ṣọ́ tuntun náà dìde lẹ́yìn, ó ní, "Mà, látìgbà tẹ́ ẹ ti ń ṣe é, tí ẹ̀mí èèyàn ń bẹ lọ́wọ́ yín, ṣé ẹ̀rù kì í bà yín ni?"

Ẹ̀gbọ́n gbé ọta náà kalẹ̀.

"Ó máa ń bà mí," wọ́n ní. "Kò sí ọta tí mo rọ tí kò bà mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tún un wọ̀n."

Gbogbo gbọ̀ngàn dìde dúró. Wọ́n pàtẹ́wọ́ débi pé gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n. Bùrọ̀dá Téélọ̀ ti sùn lọ lórí àga iwájú, wọ́n ta jí, wọ́n fò dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti jókòó tán, wọn ò sì dẹ́kun.

Ọkọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ ló gbé wa padà sílé. Ọkọ mi ló wà á. Ẹ̀gbọ́n sùn lé èjìká Bùrọ̀dá Téélọ̀ kí a tó dé géètì olú iléeṣẹ́. Èmi jókòó sẹ́yìn, báàgì wà lórí itan mi, mo na ọrùn sókè ṣánṣán. Gbogbo ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu géètì ń fọwọ́ kan iwájú orí bí a ṣe ń kọjá, mo sì ń dá wọn lóhùn bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń kí.